Ìpàdé Àbá Tó Di Ìpàdé Àdúrà ní Ìbà

Ìròyìn náà kọ́kọ́ bẹ́ ní Okokomaiko, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì láìsanwó. Wọ́n ní Bàrákátù, ọmọ Alhaji Àlàó ti Ìbà, ti dá ìjọ tuntun sílẹ̀ nínú yàrá kan tó kọjú sí títì. Wọ́n ní àwọn àgbàlagbà ń wọlé síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń jókòó yí fóònù kan ká, wọ́n ń ṣépè fún ara wọn sínú rẹ̀, fóònù náà á sì dáhùn pé, "Àmín!" Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dé ẹnu géètì bárékè Ọ̀jọ́, fóònù náà ti ga tó férémù ilẹ̀kùn, ó ti hu irùngbọ̀n. Nígbà tó fi máa dé Àlàbá, àwọn kan ti ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á àti bóyá ó ní gáráǹtì.

Irọ́ ni. Àmọ́ irọ́ Okokomaiko kì í dá rìn, òtítọ́ kékeré kan ló máa ń pọ̀n ọ́n. Yàrá wà lóòótọ́. Fóònù wà, àwọn àgbàlagbà wà. Àmín náà wà, ó sì dún ketekete. Ẹ fara balẹ̀, ká mú un láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàrákátù kò ga, kò sì kúrú. Ohun tó ga lára rẹ̀ ni àbá. Ó kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó ṣe àgùnbánirọ̀ tirẹ̀ ní ìlú kan tí ewúrẹ́ ti pọ̀ ju èèyàn lọ, ó sì padà wálé pẹ̀lú ìpinnu kan ṣoṣo: òun máa ṣe áàpù, áàpù tí gbogbo ayé máa gbé sínú fóònù, bẹ̀rẹ̀ láti Ìbà. Ìpinnu náà kì í ṣe tuntun ládùúgbò wa. Bí o bá ju òkúta sókè ní Ìyànà-Ìbà lónìí, orí ẹni tó ní àbá áàpù ló máa bà, ẹni náà á sì ní kí o má jí àbá òun kó tó bi ọ́ pé kí ló dé tí o ju òkúta.

Ṣùgbọ́n Bàrákátù ní ohun tí àwọn yòókù kò ní. Ó ní yàrá ọwọ́ iwájú. Bàbá rẹ̀ ló fún un. Alhaji Àlàó jẹ́ ọmọ Àwórì tó jogún ilẹ̀, tó sì fi ilẹ̀ kọ́lé, kì í sì í fi yàrá ọwọ́ iwájú ṣeré. Lójú onílé Ìbà, yàrá ọwọ́ iwájú ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju ọmọ lọ. Ọmọ lè bínú jáde nílé, yàrá ọwọ́ iwájú kì í bínú.

"Bàrákà," ni bàbá rẹ̀ wí, "yàrá yìí wà lọ́wọ́ ẹ títí di Iléyá. Bí ojú mi bá rí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo lè nawọ́ sí fún àwọn ẹgbẹ́ mi, ó di tìẹ. Bí ojú mi ò bá rí i, Àyọ̀ká máa gbé fíríṣà ẹ̀ wọlé."

"Bàbá, áàpù kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń nawọ́ sí."

"Ẹja ṣeé nawọ́ sí," ni Alhaji dáhùn. Ọ̀rọ̀ parí.

Àǹtí Àyọ̀ká tí wọ́n ń sọ yìí, ará Ìpókíá ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Inú kúlà ló ti ń ta ẹja lábẹ́ agboòrùn ńlá kan ní òdìkejì títì, nítorí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó ń gbé ni fíríṣà rẹ̀ wà, àwọn ará ilé sì ti ń fi fíríṣà náà ṣe tábìlì ìlọṣọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó máa fi ojú wọn yàrá Bàrákátù láti ògiri dé ògiri.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé àbá ti jáde?"

"Kò tíì jáde, mà."

"Kó máa rọra bọ̀. Fíríṣà mi náà ń rọra bọ̀."

Báyìí ni Bàrákátù ṣe kó sínú wàhálà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Fisáyọ̀, wọ́n jọ kàwé ni, ó ti ríṣẹ́ sí Yábàá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀sán jókòó ronú kí wọ́n tó fi ìrọ̀lẹ́ sinmi ìrònú. Fisáyọ̀ mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń fa àbá jáde nínú orí bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Ohùn ló máa ń gbà sínú fóònù ránṣẹ́ sí i. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ ni pé kó kọ ọ̀rọ̀ kan sí àárín pépà, kó fa ẹ̀ka jáde lára rẹ̀, kó fa ẹ̀ka jáde lára ẹ̀ka. Bàrákátù fà á títí pépà fi tán, ó bọ́ sára ògiri, ẹ̀ka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú fèrèsé jáde lọ sí Ìbà Housing Estate.

Gbogbo ohun tó so lórí igi yẹn, ẹlòmíì ti ká a. Ó ro áàpù tó máa ń sọ fún èèyàn pé iná ti dé. Àwọn ọmọdé àdúgbò ti ń fi ariwo ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ro áàpù tó máa ń bá obìnrin wá ọkọ. Wọ́n ti ṣe é, ọkọ ni kò sí nínú ẹ̀. Ó ro áàpù tí yóò máa rán onílé létí pé òrùlé ayálégbé ń jò. Bàbá rẹ̀ rí i lára ògiri, ó ní kó yára nù ún kúrò kí ayálégbé kankan tó kà á.

"Ìwọ nìkan lò ń ronú, ìdí nìyẹn," ni Fisáyọ̀ wí. "Pe èèyàn jọ. Kí olúkúlùkù máa ju ohun tó bá sọ sí i lọ́kàn sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàbùkù àbá ẹnìkejì. Kí ẹnu yá ju làákàyè lọ."

"Ní Ìbà níbí, ìyẹn ò nira," ni Bàrákátù wí.

Ó pe Ìyá Ìfẹ́dayọ̀, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Okokomaiko, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó pe Sájẹ́ńtì Dáramọ́lá, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ta mílíìkì àti bisikíìtì nínú ọjà bárékè. Kò pe bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Alhaji bá wọn jókòó nítorí pé òun ló nilé. Kò pe Àǹtí Àyọ̀ká náà, ṣùgbọ́n Àǹtí Àyọ̀ká ní òun fẹ́ mọ bí àga ṣe máa tò sí nínú yàrá yẹn.

Ìpàdé àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kíra wọn, wọ́n bi ara wọn léèrè ilé, léèrè ọ̀nà, léèrè ọmọ, léèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Sájẹ́ńtì. Alhaji fi Fátíà ṣí i, Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ní òun náà máa fi orúkọ Jésù ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀tá, Alhaji ní kò burú. Nígbà tí wọ́n wá kàn án, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Bàrákátù ní kí olúkúlùkù máa ju àbá sílẹ̀. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ wo Sájẹ́ńtì, Sájẹ́ńtì wo Alhaji. Ta ló máa ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú àgbà tí kò tíì wúkọ́?

"Mo fara mọ́ ohun tí Alhaji sọ," ni Sájẹ́ńtì wí.

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan," ni Alhaji fèsì.

"Ohun tí mo fara mọ́ gan-an nìyẹn, sà."

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, Sájẹ́ńtì dá àbá áàpù tí yóò máa fun fèrè ológun ní gbogbo ilé ní ìdájí, kí orílẹ̀-èdè lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàbùkù àbá, nítorí náà gbogbo wọn ní, "Àbá tó dáa ni." Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ dá àbá áàpù tó máa lọ aṣọ. Wọ́n ní, "Àbá tó dáa ni." Àǹtí Àyọ̀ká ní kí wọ́n ṣe áàpù tí yóò fi hàn pé yàrá náà gba fíríṣà. Bàrákátù nìkan ni kò sọ pé àbá tó dáa ni.

Nígbà tó ròyìn fún Fisáyọ̀, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ohùn rẹ̀ fi há. "Ó ku ọ̀nà kan," ló wí. "Dorí ìbéèrè kodò. Má bi wọ́n léèrè ohun tó máa mú iṣẹ́ wọn dáa. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lè ṣe kó bàjẹ́ pátápátá. Wọ́n á máa rọ̀ ọ́ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí rere. Ọ̀nà yìí kì í tàsé. Gbogbo ayé ni wọ́n ti ń lò ó."

Fisáyọ̀ gbàgbé pé nínú gbogbo ayé, àwa Yorùbá wà níbẹ̀.

Ní ìpàdé kejì, Bàrákátù gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kó lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó kọjú sí Ìyá Ìfẹ́dayọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́.

"Màmá, ẹ bá wa sọ ọ́. Kí lẹ lè ṣe tí ṣọ́ọ̀bù yín á fi parun pátápátá?"

Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ dìde, ó fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó ta ìka sẹ́yìn.

"Ta ni? Ṣọ́ọ̀bù ta ni? Bàrákà, ṣé èmi ni mo dá ẹ lóró? Lórúkọ Jésù, a kọ̀ ọ́!"

"Màmá, ẹ má bínú, àpẹẹrẹ lásán ni."

"Àpẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀!"

"A'ùsù bíllàhi!" ni Alhaji wí. "Ọmọ tí mo rán ní yunifásítì."

Sájẹ́ńtì ti nàró, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, bí ẹni tí wọ́n kéde ogun fún. "Ẹnu mi kò ní fi mí ránṣẹ́ sí ikú," ló wí.

"Èmi ò sí níbẹ̀ o," ni Àǹtí Àyọ̀ká kígbe. "Ẹ jẹ́rìí mi. Ẹja ni mo wá tà."

Obìnrin kan tó wá Àǹtí Àyọ̀ká dé ojú fèrèsé láti ra ẹja gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ra ẹja mọ́. Bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ rí ló bọ́ sí, Okokomaiko ló sì ń lọ. Bí ìjọ tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ obìnrin náà yára lọ jù, ariwo Àmín nìkan ló bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. Ká ní ó dúró ni, ì bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Ó ní ọ̀rọ̀ burúkú ti bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde láìfi àdúrà gbá a dànù. Ó di ojú, ó gbé ohùn sókè.

"Ṣọ́ọ̀bù mi kò ní parun! Oníbàárà tó máa gbé léèsì wá lọ́sàn-án Fráìdè, tó máa ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ Sátidé, ojú ọ̀nà mi á ṣú mọ́ ọn lójú!"

"Àmín!"

"Ẹni tó máa fi fọ́tò obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ hàn mí, tí òun fúnra ẹ̀ sanra tó ilé, tó máa wá ní mi ò rán an bó ṣe wà nínú fọ́tò, kò ní ṣalábàápàdé mi!"

"Àmín o!"

Sájẹ́ńtì gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kò ní sí ọjọ́ tí màá lọ síbi ètò owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n máa wo ojú mi kòró, tí wọ́n á ní mo ti kú!"

"Àmín, Jésù!"

"Iná tó bá fẹ́ lọ lọ́jọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹja," ni Àǹtí Àyọ̀ká náà bẹ̀rẹ̀, "kó gba òpópónà míì lọ! Oníbàárà tó máa tẹ gbogbo ẹja ní ikùn, tó máa gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó máa wá ní ẹran lòun fẹ́ jẹ, kó má mọ agboòrùn mi!"

Bàrákátù la ojú kan. Ó la èkejì. Ohun tí Fisáyọ̀ ní kí wọ́n máa rọ̀ jáde ló ń rọ̀ yìí, bí òjò. Yorùbá kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó lè dé bá a láéláé, ṣùgbọ́n fún un láyè kó gbàdúrà, á pe ibi náà lórúkọ, á ṣàpèjúwe aṣọ tó wọ̀, á sì júwe ilé rẹ̀ fún Ọlọ́run. Bàrákátù kò tú wọn ká. Ó kàn rọra ti fóònù náà sún mọ́ wọn, ó sì ṣe "Àmín" tirẹ̀ gidi.

"Màmá, ẹ má dákẹ́," ló ń sọ lábẹ́lẹ̀. "Ẹ gbàdúrà lórí ojú pópó ńkọ́? Lórí àwọn èèyàn tẹ́ ẹ máa ń bá pàdé?"

Ibẹ̀ ni ohùn Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ti wálẹ̀. Kò pariwo mọ́.

"Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n kú ní aláìmoore. Ọkùnrin tó bọ́ sínú àgbàrá ní Okokomaiko lọ́jọ́ òjò yẹn, tó gbé maṣíìnì ìránṣọ mi lérí jáde nínú omi. Mi ò bi í ní orúkọ. Ilẹ̀ mọ́, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà lọ sọ fún un pé ẹ ṣé àná. Má jẹ̀ẹ́ kó rò pé ẹni tí òun ṣe lóore kò ní ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ."

Ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà ti bá gbogbo wọn.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Ẹni tó ṣe wá lóore, ọpẹ́ ojú ẹsẹ̀ kò tó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì gbọ́dọ̀ mọ́, kí á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí á ní "ẹ ṣé àná," kí oore náà tó parí. Nílùú kékeré, ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n lójú títì Okokomaiko, ẹni tó fà ọ́ yọ lẹ́nu táyà ọkọ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì míì kí o tó gbọn eruku ara aṣọ rẹ. Ìlú yìí kún fún oore tí wọ́n ṣe tí ilẹ̀ kejì rẹ̀ kò mọ́ rí.

"Ọmọ Ígbò kan wà ní Àlàbá," ni Alhaji wí nígbà tó yá. "Òòyì kọ́ mi lọ́jọ́ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó fi páálí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ mi títí mo fi lajú. Mo padà lọ, wọ́n ní ó ti kó kúrò." Ó nu ojú. "Mo ṣì máa ń rántí ẹ̀ lórí ẹní ìkírun."

Sájẹ́ńtì náà ní tirẹ̀, ọmọbìnrin Ẹ̀gùn kan tó bá a he àmì ẹ̀yẹ ológun rẹ̀ nínú kòtò, tó sì fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún kó tó gbé e fún un. Bàrákátù fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. Ó ń wo ẹnu wọn. Gbogbo ẹ̀ka tó fà sára ògiri, kò sí èyí tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé.

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn di áàpù. Alhaji fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: Ẹ Ṣé Àná. Ẹni tó bá ní ọpẹ́ lọ́rùn á sọ̀rọ̀ sínú fóònù, á sọ àdúgbò tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n ṣe fún un, ẹni tó ṣoore á sì lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Sájẹ́ńtì ló ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí i. "Ní bárékè, ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ àṣírí kì í kọjá ẹnu géètì. Kí ẹni tó ń dúpẹ́ fi ohun kan pamọ́ tí kò ní sọ. Ẹni tó bá dá a mọ̀ ló ṣe é."

Ìmọ̀ràn yẹn gbà wọ́n, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan jáde tó ní òun lòun ṣe gbogbo oore tó ṣẹlẹ̀ láti Mile 2 dé Ṣẹmẹ̀. Ó ní òun gbé aboyún, òun gbé arúgbó, òun gbé ewúrẹ́ ẹnì kan kúrò lójú títì, gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n bi í ní ohun tí wọ́n fi pamọ́, ó ní oore ti pọ̀ jù lọ́wọ́ òun, òun kò lè rántí.

Láàárín èyí, àhesọ ìjọ tuntun ti dé etí Pásítọ̀ Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ àti Lèmọ́mù Alhaji. Àwọn méjèèjì bára wọn pàdé lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan náà, olúkúlùkù fẹ́ wá gba ọmọ ìjọ tirẹ̀ là. Bàrákátù fi ohùn tó gbà sílẹ̀ nínú fóònù sí i fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìbéèrè burúkú náà, ojú wọn le. Wọ́n gbọ́ àdúrà, ojú wọn rọ̀. Nígbà tó dé orí ẹni tó sanra tó fi fọ́tò pẹ́lẹ́ńgẹ́ hàn, Pásítọ̀ ní "Àmín" kó tó mọ̀ pé fóònù ni. Lèmọ́mù sì béèrè bí èèyàn ṣe ń gbé áàpù náà sínú fóònù tòun.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n Iléyá ń bọ̀. Àgbò ti ń ké lójúde gbogbo ilé. Ọpẹ́ ń wọlé láti ibi gbogbo, àmọ́ ẹyọ ẹnì kan kò tíì jáde tó dá ohun tí wọ́n fi pamọ́ mọ̀. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ kò rí ọkùnrin àgbàrá, Alhaji kò rí ọmọ Ígbò rẹ̀.

"Bàrákà, mo ń gbọ́ ohùn," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì dùn ún lóòótọ́. "Mi ò tíì rí nǹkan. Àdéhùn ni àdéhùn."

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Iléyá pé, fíríṣà náà dé. Ọmọláńkẹ́ ni wọ́n fi gbé e, àwọn ọkùnrin tó tì í ń làágùn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dúró de Alhaji kó mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kejì wá. Nínú yàrá, Bàrákátù ń ká wáyà. Omijé ń já bọ́ sára wáyà náà, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ nù ún kí Àǹtí Àyọ̀ká má baà rí i. Kí yàrá náà má baà dákẹ́ jù, ó ń fi àwọn ọpẹ́ tuntun tó wọlé sí i kí ó lè gbọ́ wọn fún ìgbà ìkẹyìn nínú yàrá yẹn.

Ohùn obìnrin kan bọ́ sí i. "Orúkọ mi ni Ìbùkúnolúwa. Mo ń wá màmá kan. Ní Ìyànà-Ìbà ni, lọ́dún tó kọjá, òjò ń rọ̀, gbogbo ọkọ̀ kún. Oyún mi ti pé, omi ya lára mi lójú títì. Àwọn èèyàn ń sá. Màmá yẹn tẹ́ ìró ara ẹ̀ fún mi, ó sì fi ẹ̀yìn ẹ̀ gba òjò kó má kàn mí. Ó ń rùn fẹja. Kí Ọlọ́run bùkún òórùn yẹn. Ó dúró tì mí títí a fi rí ọkọ̀, ó sì lọ. Ohun kan wà tó fún mi dání. Mi ò ní sọ ọ́."

Àǹtí Àyọ̀ká gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Ó di etí fíríṣà mú.

"Tún un fi sí i," ló wí.

Bàrákátù tún un fi sí i.

"Ẹja kòtè ni," ni Àǹtí Àyọ̀ká wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì. "Ó ti dì gbagidi. Mo ní kó máa fún un mọ́wọ́ bí ìrora bá dé. Kò sí nǹkan míì lọ́wọ́ mi. Bàrákátù, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé mo fi ẹja gbẹ̀bí?"

Wọ́n pe nọ́ńbà tí obìnrin náà fi sílẹ̀. Àǹtí Àyọ̀ká di fóònù mú bí ẹyin. Kó tó lè ní "Hẹ́lò," ohùn náà ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣé àná o. Ẹ ṣé àná. Ẹ gbọ́, òun ló ń pariwo lẹ́yìn mi yìí."

Ọmọ kan ń ké lódìkejì, ó ń ké bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́. Àǹtí Àyọ̀ká jókòó sórí fíríṣà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún gbọnmọ gbọnmọ, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Àwọn tó ti ọmọláńkẹ́ wá náà ń nu imú, àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Báyìí ni Alhaji ṣe dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Wọ́n ti wá kí mi kú àná, Alhaji," ni Àǹtí Àyọ̀ká wí. "Wọ́n ti wá kí mi."

Bàrákátù ṣàlàyé. Alhaji gbọ́ ọ tán, ó dúró, ó wo obìnrin tó ń sunkún lórí fíríṣà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wá nawọ́ sí Àǹtí Àyọ̀ká, ó nà án tààrà.

"Mo ti rí i," ló wí. Ó sì na kọ́kọ́rọ́ náà sí Bàrákátù.

Lẹ́yìn Iléyá, àwọn àlejò wá láti Yábàá, àwọn tó máa ń ran àwọn tó ń ṣe áàpù lọ́wọ́. Fisáyọ̀ ló kó wọn wá. Ojúde Alhaji kún, wọ́n ta kánópì, Sájẹ́ńtì wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó ń tọ́ àwọn tó fẹ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé sọ́nà. Ọ̀gá àwọn àlejò gba maíìkì, ó ní ìwúrí ńlá ló jẹ́ fún òun láti fi ọmọbìnrin ọlọ́gbọ́n kan han ayé, ẹni tó dá jókòó nínú yàrá, tó dá ro áàpù yìí, tó sì fi ìfaradà borí obìnrin ẹlẹ́ja tó fẹ́ lé e jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí Àyọ̀ká náà ń pàtẹ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Bàrákátù dìde, kò dúró kí wọ́n pè é. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó gba maíìkì.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe rí. Mi ò dá ro nǹkan kan. Nígbà tí mo dá rò ó, áàpù oníná ni mo rí. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ tó jókòó síbẹ̀ yẹn, lẹ́nu wọn ló ti jáde. Sájẹ́ńtì ló fi ọ̀rọ̀ àṣírí sí i. Bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò sì lé mi. Wọ́n fún mi ní yàrá tí ẹlòmíì ì bá ti gbà. Àǹtí Àyọ̀ká kò bá mi jà. Ẹ wo inú yàrá, fíríṣà wọn ló wà lápá òsì yẹn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí a jọ wà níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wọn ló ń gbé kọ̀ǹpútà mi, bí fóònù yín bá ń rùn fẹja, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀.

"Ohun tí èmi ṣe ni pé mo ní kí àwọn àgbà fi ẹnu ara wọn ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Wọ́n kọ̀ fún mi. Mo dúpẹ́ púpọ̀ pé wọ́n kọ̀."